Abo Ẹṣin Ọlọ́mọ Tuntun: Ta Ló Lè Sún Mọ́ Ọn?

Ẹni tó bá rin Akínmọ̀ọ́rìn, Fìdítì àti Ìlọrà já yóò rí ewúrẹ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi sú ewúrẹ́: lábẹ́ igi, lórí òkìtì iyanrìn àwọn bíríkìlà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Yóò rí àgùntàn, yóò sì rí màlúù àwọn Fúlàní tó ń jẹ̀ lẹ́bàá igbó. Ẹṣin ni kò ní rí, àfi bó bá ṣe kòńgẹ́ òde ńlá kan, akọ ẹṣin ló sì máa ń sábà jẹ́. Ní ilẹ̀ Afijió, èèyàn lè darúgbó kó má rí ọmọ ẹṣin tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀ rí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń sin ẹran níbẹ̀. Ẹran tó ń ṣe jẹ́jẹ́ lánàá, tó ń jẹ èèpo iṣu lọ́wọ́ olówó rẹ̀, bímọ mọ́jú, ó di pé kò sẹ́ni tó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Adìẹ ọlọ́mọ á máa fò mọ́ni lójú, ewúrẹ́ á máa kànyàn, abo ajá á yọ eyín sí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un. Ti abo ẹṣin ló le jù, nítorí pé ó tóbi, ó yára, ìpá rẹ̀ sì lè fọ́ni léegun. Kí ni ká ṣe sí i? Àwọn kan ní ká so ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní ká nà án kó lè mọ̀ pé òun ní ọ̀gá. Àwọn mìíràn ní ká kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pátápátá. Àwọn onímọ̀ ti ń dá sí ọ̀rọ̀ ìyá ẹran àti ọmọ tuntun yìí fún ọdún tó lé ní 60, ẹnu wọn kò sì kò lórí gbogbo rẹ̀. Ní tèmi, ibi tí ẹ̀rí fì sí kò ṣòro rí: ọ̀dọ̀ ìyá ni èèyàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ, iṣẹ́ náà sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ìyá tó bímọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ìmọ̀ yìí kò fi gbilẹ̀ láàárín wa, àwa tí a jẹ́ ọmọ ìjọba tó fi ẹṣin jagun. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́-Ilé fi di ọ̀gá. Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ya wọ Dàhòmì ní 1726, wọ́n sì tún padà lọ léraléra, títí Dàhòmì fi gbà láti máa sìnrú ìsákọ́lẹ̀ ní 1730, tí wọ́n tún wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1748. Ṣùgbọ́n òkè ọya ni púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin wọ̀nyẹn ti wá, owó ni wọ́n sì fi rà wọ́n. Robin Law, òpìtàn tó kọ odindi ìwé kan lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1980, tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ dáadáa: bí ẹṣin bá ti ń sún mọ́ igbó, ìyè rẹ̀ ń kúrú. Eṣinṣin tsetse ló ń gbin kòkòrò sí i lẹ́jẹ̀. Ẹṣin á rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á kú. Èyí tó bá lóyún nínú wọn lè ṣẹ́ oyún kó tó kú. Bí àkókò òjò bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ a máa kúrò ní Dàhòmì wálé, ìyẹn sì jẹ́ kí àwọn ará Dàhòmì mọ ìgbà tí wọ́n lè sá pamọ́ àti ìgbà tí wọ́n lè jáde.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé wá tú, láàárín ọdún 1830 sí 1840, Aláàfin Àtìbà tẹ ìlú tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà, èyí tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí, tí kò jìnnà sí Akínmọ̀ọ́rìn àti Ìlọrà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá, sí ẹ̀bá igbó, níbi tí eṣinṣin náà ti pọ̀ sí i. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa lè fara da kòkòrò yẹn. Màlúù N'Dama, irú èyí tí wọ́n kó wá láti apá Guinea sí ọgbà ẹran ìjọba ní Fáṣọlá nítòsí Ọ̀yọ́, lè fara dà á. Ẹṣin kò lè fara dà á. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé rírà ló ń rà nígbà gbogbo, tí ti òní ń kú tó ń ra ti ọ̀la, kò ní ìdí tí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí rẹ̀.

Ohun tí ó wá gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni ìmọ̀ gàárì àti ìjánu, ẹ̀yẹ, òwe àti oyè. Olókùn-ẹṣin wà ní Ọ̀yọ́, oyè tí ìtàn rẹ̀ kún fún ẹ̀rù, nítorí pé láyé àtijọ́, bí ọba bá wàjà, ẹni tó jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944 ni Dúró Ládipọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà, òun náà sì ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King's Horseman ní 1975. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tó jókòó lórí ẹṣin ni ayé ń wò. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó dúró ti ìyá ẹṣin náà lóru ọjọ́ tó bí i. Àwọn ẹṣin tí a ń rí ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àti àwọn ti Ìlọrin, bákan náà ni: ará òkè ọya ló pọ̀ jù nínú wọn, akọ ni wọ́n sì fi ń ṣe ẹ̀yẹ. Abo wà ní abúlé lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ tálákà tó ń fi í rìn lọ sóko tó sì ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ẹṣin jó.

Ó yẹ ká wá mọ ohun tó ń ṣe abo ẹṣin gan-an. Oyún rẹ̀ tó oṣù 11, bí ọjọ́ 340. Ti ewúrẹ́ wa kò ju oṣù 5 lọ. Òru ló sábà máa ń bímọ, kì í sì í fi falẹ̀. Bí omi bá ti tú, ọmọ á jáde láàárín bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kí wákàtí kan tó pé, ọmọ náà ti ń gbìyànjú àtidìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn jàgbàjàgbà, kí wákàtí kejì tó pé, ó ti yẹ kó rí ọmú. Ẹran pápá gbalasa ni, ìran rẹ̀ sì ti sá fún kìnnìún àti ìkookò fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ọdún. Ewúrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ máa ń lúgọ sí kọ̀rọ̀ kan ní ọjọ́ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, ìyá á lọ jẹ̀, á sì padà wá fún un lọ́mú. Ọmọ ẹṣin kì í lúgọ. Ó ń tẹ̀lé ni.

Níbi ìtẹ̀lé yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò tíì mọ ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ohunkóhun tó bá tóbi, tó sì ń rìn níwájú rẹ̀, ó lè bá a lọ: ẹṣin mìíràn, màlúù, èèyàn pàápàá. Ìyá rẹ̀ ni yóò rí i pé òun nìkan ni ọmọ rí tẹ̀ lé. Ìdí nìyí tó fi ń lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ koríko láti ọdún mẹ́ta, tó fi ń lé ajá ilé, tó sì fi ń lé olówó rẹ̀. Kò ní ohunkóhun sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní òórùn ara òun, ohùn òun àti ìrìn òun ni, ẹ̀kọ́ náà kò sì fẹ́ àlejò. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́ tí ọmọ sì ti dá a mọ̀, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í le koko ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ.

Ní ti ìyá, òun kì í pẹ́ dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Omi tó bo ọmọ lára ló ń lá tó fi ń kọ́ òórùn rẹ̀. Ní 1964, Peter Klopfer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán an wò lára ewúrẹ́. Àwọn ìyá tí wọ́n jẹ́ kó wà pẹ̀lú ọmọ wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ́yìn ìbí, kí wọ́n tó gbé ọmọ náà kúrò, gba ọmọ wọn padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Àwọn tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kàn án dànù bí ọmọ àjèjì. Lọ́dún 1983, àwọn olùwádìí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi hàn lára àgùntàn pé ìnira ọmọ tó ń gba ọ̀nà ìbí kọjá wà lára ohun tó ń ṣí ọkàn ìyá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé èròjà ara kan tí à ń pè ní oxytocin ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ní àkókò yẹn. Àkókò náà kúrú. Ẹni tó bá wá fi aṣọ nu ọmọ gbẹ fínnífínní, tó gbé e lọ fún àwọn ọmọdé wò, tó sì dá a padà nígbà tó wù ú, ó ti jí àkókò náà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sáré wá pẹ̀lú fóònù láti ya fọ́tò ewúrẹ́ tó bí ìbẹta, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí.

Abo ẹṣin kì í kọlu èèyàn láìkìlọ̀. Á kọ́kọ́ dúró sáàárín ẹni náà àti ọmọ. Á lẹ etí méjèèjì mọ́ ọrùn. Á fi ìrù na afẹ́fẹ́, á tẹ orí sílẹ̀ máa jù ú sọ́tùn-ún sósì, á yí ẹ̀yìn síni, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀. Ẹni tó rí gbogbo ìyẹn tó sì tún ń bọ̀ kò lè sọ pé wọn kò sọ fún òun. Ṣùgbọ́n ojú tó mọ̀ yàtọ̀ gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìyá tó ń tapá ló ń dáàbò bo ọmọ. Òmíràn wà tí ọmú rẹ̀ wú tó ń dùn ún, tó fi jẹ́ pé ọmọ gan-an ló ń tapá sí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àkọ́bí rẹ̀ ni, tí ọmọ ń bà á lẹ́rù, tó ń sá kiri yàrá. Òmíràn sì wà, kò wọ́pọ̀, tó ń fi eyín gbá ọmọ mú láti pa á. Ẹni tó bá ń dáàbò bo ọmọ, ìta ló kọjú ìjà sí. Ẹni tó bá kọ ọmọ, inú ló kọjú rẹ̀ sí. Ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ sùúrù, ti ìkejì ń fẹ́ kí èèyàn wọlé kíákíá kó tó di òkú.

Ìtọ́jú ọlọ́mọ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú ìbí. Ó yẹ kí wọ́n ti mú abo ẹṣin náà wá síbi tí yóò bímọ sí ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú, kì í ṣe nítorí kí ara rẹ̀ lè balẹ̀ nìkan. Àwọn kòkòrò àìsàn tó wà nínú ọgbà yẹn ni ara rẹ̀ yóò fi àkókò náà mọ̀, tí yóò sì kó ààbò wọn sínú wàrà àkọ́kọ́ tí ọmọ máa mu. Àkókò kan náà ni dókítà ẹran máa ń fún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹnì kan náà, tàbí méjì tí kì í yí padà, ni kó máa fún un lóúnjẹ, kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara rẹ̀, kó máa fọwọ́ ba ikùn rẹ̀, itan rẹ̀ àti ọmú rẹ̀ títí yóò fi di ohun tí kò kà sí mọ́. Èyí tí kò bímọ rí ni ìyẹn ṣe pàtàkì fún jù: bí ọwọ́ kò bá kan ọmú rẹ̀ rí, ẹnu ọmọ yóò dẹ́rù bà á. Yàrá tí wọ́n máa fi í sí kò yẹ kó kéré ju mítà 4 sí mítà 4 lọ, nítorí pé ibi tó há ni ìyá ti ń tẹ ọmọ mọ́lẹ̀, níbẹ̀ náà sì ni kò ti sí ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́.

Bó bá ti bímọ tán, tó sì di dandan kí wọ́n fọwọ́ kan ọmọ, èèyàn méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Ẹnì kan á di okùn orí ìyá mú lọ́wọ́; kò ní so ó mọ́ òpó, nítorí pé ìyá tí okùn fà sẹ́yìn nígbà tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ lè já okùn, ó lè ṣubú, ó sì lè tẹ ọmọ pa. Ẹnì kejì á gba ẹ̀gbẹ́ èjìká ìyá wọlé, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i, á máa sọ̀rọ̀ kí ìyá lè gbọ́ pé ohùn tí òun mọ̀ ni. Kò ní gba àárín ìyá àti ọmọ kọjá láé. Ọwọ́ kan á wà níwájú àyà ọmọ, ọwọ́ kejì á wà lẹ́yìn ìdí rẹ̀. Wọn kì í fi okùn fa ọmọ ẹṣin lọ́rùn, wọn kì í sì í gbé e níkùn bí ọmọ ewúrẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ń ṣe, níbi tí imú ìyá ti lè kan ọmọ náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ kó wọn kúrò lójú kan, ọmọ ni wọ́n á kọ́kọ́ rọra tì síwájú, ìyá á tẹ̀lé. Ẹni tó fa ìyá jáde tó fi ọmọ sílẹ̀ nínú yàrá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjà. Ilẹ̀kùn kì í tì mọ́ ẹni tó wà nínú, ajá kì í wọ ibẹ̀, àlejò kì í wọ ibẹ̀, ọmọdé kì í wọ ibẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi kọjá. Nínà kò sí lára rẹ̀ rárá. Ìyá tí wọ́n nà nítorí ọmọ rẹ̀ ti rí ẹ̀rí pé òótọ́ ni ohun tó ń fura sí.

Ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń jà síra wọn ni wákàtí àkọ́kọ́. Robert Miller, dókítà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan jáde ní 1991 tó gbalẹ̀ káàkiri. Ohun tó ń kọ́ni ni pé kí èèyàn fọwọ́ pa ọmọ ẹṣin lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bó bá ti ń jáde, etí, imú, ẹnu, pátákò, títí ọmọ yóò fi ṣíwọ́ jíjà; pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní bẹ̀rù èèyàn mọ́ títí ayé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹṣin gbà á. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Séverine Henry àti Martine Hausberger, ní Yunifásítì Rennes ní Faransé, wá gba ibòmíràn wọ̀ ọ́. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, ọmọ kọ́ ni wọ́n fọwọ́ kàn. Ìyá ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì nù jẹ́jẹ́, tí wọ́n sì ń fún lóúnjẹ lọ́wọ́, fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ọmọ kàn ń wò wọ́n ni. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í sá fún èèyàn bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì tètè gbà kí wọ́n gbé aṣọ gàárì lé wọn lẹ́yìn. Ní 2009 ẹ̀wẹ̀, wọ́n gbé àbájáde mìíràn síta: àwọn ọmọ tí wọ́n fọwọ́ pa lára fún wákàtí kan lẹ́yìn ìbí kò yára mu ọmú, wọ́n dàgbà wá so mọ́ ìyá wọn ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kò sì bá ẹgbẹ́ ṣeré dáadáa.

Èmi kò rí ìdí tí a ó fi máa ṣe bíi Miller mọ́. Ohun tó sọ nípa ẹ̀rù kì í ṣe irọ́ pátápátá, torí pé ẹṣin tí ọwọ́ èèyàn kò kàn rí títí ó fi dàgbà nira láti mú. Àkókò tó yàn ni kò dára. Wákàtí tó fi ń kọ́ ọmọ ní èèyàn ni ìyá ń fẹ́ lò láti kọ́ ọmọ ní ìyá, ìyá tó bá sì le yóò jà fún un.

Kì í ṣe pé ó di dandan kí a lọ sí Rennes kí a tó mọ èyí. Àwọn Fúlàní tó wà láyìíká Afijió ti ń ṣe irú rẹ̀ ní ojoojúmọ́. Ní ilé wọn, okùn gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní daangol, ara rẹ̀ ni wọ́n ń so àwọn ọmọ màlúù mọ́. Màlúù tó lọ jẹ̀ láti àárọ̀ á padà wá síbi okùn yẹn fúnra rẹ̀, nítorí pé ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí obìnrin Fúlàní bá fẹ́ fún wàrà, ọmọ ló máa kọ́kọ́ jẹ́ kó mu díẹ̀ kí ọmú lè sọ̀. Lẹ́yìn náà á so ọmọ mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá, níbi tí ìyá ti lè máa gbóòórùn rẹ̀ kó máa lá a, òun á sì tẹ̀ mọ́ igbá rẹ̀. Màlúù ìwo gbọọrọ tó lè gún èèyàn pa dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Wàrà tí a ń rà jẹ ní ọjà, inú ètò yẹn ló ti ń jáde. Àwọn ará Mongolia, tí wọ́n ń fún wàrà ẹṣin mu, ń ṣe ohun tó jọ ọ́: wọ́n á so àwọn ọmọ ẹṣin mọ́ okùn kan lórí ilẹ̀, àwọn ìyá á wà nítòsí láìsí ẹni tó lé wọn. Àwọn kan náà ló máa ń kọrin fún ràkúnmí tó kọ ọmọ rẹ̀, títí yóò fi gbà á. UNESCO kọ àṣà orin náà sí àkọsílẹ̀ ohun ìní aráyé tó nílò ìdáàbòbò ní 2015.

Nílé wa, àwọn obìnrin tó ń sin ewúrẹ́ mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá kọ ọmọ, àwọn kan á fi iyọ̀ pa ọmọ lára kí ìyá lè lá a, àwọn kan á ti ìyá àti ọmọ mọ́ ibi tóóró kan. Èyí tó dára ni. Ohun tí kò dára ni pé a máa ń fi ẹran ọlọ́mọ tuntun sílẹ̀ lójú títì láàárín ajá àti ọ̀kadà, a sì máa ń bínú sí i pé ó kan ọmọ aládùúgbò. Ẹni tí kò bá lè wá igun kan tó pa rọ́rọ́ fún ewúrẹ́ tó bí ìbejì, ẹ má gbà á nímọ̀ràn láti ra abo ẹṣin.

Ìgbà kan wà tí kò sí sùúrù, tí èèyàn gbọ́dọ̀ wọlé bó ti wù kí ìyá máa gbógun tó. Àwọn dókítà máa ń fi wákàtí kà á: wákàtí kan kí ọmọ dìde, wákàtí méjì kó mu ọmú, wákàtí mẹ́ta kí ibi ọmọ jáde. Ti ibi ọmọ yìí léwu ju bí ewúrẹ́ ṣe mú wa mọ̀ ọ́n lọ. Ewúrẹ́ tàbí màlúù lè gbé ibi sínú fún wákàtí púpọ̀ kó má kú. Ní ti ẹṣin, bí wákàtí mẹ́ta bá kọjá, májèlé á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè sọ̀ sí pátákò débi pé kò ní lè dúró mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ fa ibi náà jáde. Wọ́n á so ó pọ̀ sókè kí ìyá má baà tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì pe dókítà. Ọmọ pẹ̀lú ní tirẹ̀. Kò gba ààbò kankan láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá nígbà tó wà nínú oyún, bí ti ọmọ èèyàn ṣe ń gbà. Inú wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ni gbogbo ààbò rẹ̀ wà, ìfun rẹ̀ kò sì lè gba ààbò náà wọlé mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 24. Ìdodo rẹ̀ ní láti rí oògùn apakòkòrò. Ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ ní láti jáde. Láti Akínmọ̀ọ́rìn, ibi tó súnmọ́ jù tí èèyàn ti lè rí ilé ìwòsàn ẹranko ńlá ni ti Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹran láti 1963. Kí olówó ẹṣin ti ní nọ́ńbà wọn lọ́wọ́ kí oyún tó pé oṣù 10.

Bí ìyá bá wá kú, tàbí tó kọ ọmọ pátápátá tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, ohun tó kù ni wàrà ẹran mìíràn. Ní ilẹ̀ òyìnbó, wọ́n á yá abo ẹṣin tí ọmọ rẹ̀ kú, tàbí kí wọ́n ra wàrà ẹlẹ́bú tí wọ́n ṣe fún ọmọ ẹṣin. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì ní Afijió. Wàrà ewúrẹ́ bá ọmọ ẹṣin lára mu bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kúkúrú tiwa kì í ní ju èyí tó máa tó ọmọ rẹ̀ lọ. Wàrà màlúù ló kù, èyí tó lọ́ràá ju ti ẹṣin tí kò sì dùn tó o: wọn á jẹ́ kó tòrò, wọ́n á ré ọ̀rá orí rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá po gúlúkóòsì bíi gíráàmù 20 mọ́ lítà kan. Kì í ṣe ṣúgà inú tíì, kì í sì í ṣe oyin, nítorí inú ọmọ tuntun kò lè dà á. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú kílò 30 á mu bíi lítà 3 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì tọ̀sán tòru, kí ọjọ́ mẹ́wàá sì tó pé, ó ti ń mu lítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye wàrà yẹn ju èyí tí màlúù Fúlàní kan lè fi sílẹ̀ lóòjọ́. Olówó ẹṣin ní láti lọ bẹ àwọn obìnrin gáà kí wọ́n má fi gbogbo rẹ̀ se wàrà ọjà, kó san owó tó tó èyí tí wọn ì bá pa, kó sì mọ̀ pé màlúù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n máa fún láràárọ̀, èyí tí kò ní sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò sọ wàrà sílẹ̀ bí ọmọ tirẹ̀ kò bá dúró níwájú rẹ̀.